Ọdún Tí Òróró Kò Wọ Ilé Wa

Òórùn ẹ̀gúsí yíyan ló gbá mi nímú lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Aládùúgbò mi ló da ẹ̀gúsí sínú agbada ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tó ń fi ṣíbí onígi rò ó káàkiri. Kò pẹ́ tí òróró inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, òórùn náà sì fo ògiri wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ mi dúró. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti òkèèrè, ọkàn mi sì ti dé Ọ̀yọ́, ó ti bá mi ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, nígbà tí ìlú le, tí gbogbo àgbà ń di ẹ̀bi ohun gbogbo ru Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n.

Ilé wa kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán, níbi tí ìyá mi ti ń ta abọ́ tánganran. Bàbá mi jẹ́ télọ̀. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a sì máa ń gbọ́ ìró máṣíìnì rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àfi tó bá lọ kírun. Àárín agboolé ni kànga wà, òdìkejì kànga náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń gbé, ọkùnrin ńlá kan tí gbogbo wa ń pè ní Alájì. Bí Alájì bá rẹ́rìn-ín, adìẹ a fò kúrò lórí òrùlé. Ó fẹ́ràn ẹran ọlọ́ràá ju ohun gbogbo lọ. Ó ní ẹran tí kò bá ní ọ̀rá, igi ni, òun kò sì ní eyín tí òun ó fi jẹ igi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Alájì fẹ́ gbé búútà láti ṣe àlùwàlá, ọwọ́ rẹ̀ kò dìde. Ẹnu rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, rọpárọsẹ̀ ló sì yọrí sí. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n sin ín. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ pe bàbá mi sí kọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹ dín ọ̀rá kù nínú oúnjẹ ilé yín o.” Dókítà ní kí a dín in kù. Bàbá mi gbọ́ pé kí a lé e jáde.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ tán ni bàbá mi fúnra rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa jáde kúrò ní ilé ìdáná, tó gbé e fún àwọn ará ilé kejì. Òróró ẹ̀pà tẹ̀ lé e. Ẹ̀pà fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé òróró. Ẹ̀gúsí, ẹyin, ẹja, wàrà, títí kan irú, gbogbo wọn gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí àlejò tó ṣẹ onílé. Ìyá mi ń wò ó.

“Bàbá wọn,” ó wí, “kí ni ẹ fẹ́ kí n máa fi se ọbẹ̀?”

“Omi,” bàbá mi dáhùn. “Ọlọ́run kò dá omi lásán.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọbẹ̀ omi tóró nìyẹn, ata àti iyọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀fọ́ tó léfòó lórí rẹ̀ bí ewé tó já sódò. Bí o bá tẹjú mọ́ abọ́ rẹ, wàá rí ojú ara rẹ. Àwọn aládùúgbò rò pé Sáàpù ti kọ lù wá ju àwọn lọ. Wọ́n á gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín wá ní ìkọ̀kọ̀, bàbá mi á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, á sì dá a padà. Èmi a máa fi ojú tẹ̀ lé abọ́ náà títí á fi yà ní igun ilé.

Àbúrò mi Àṣàkẹ́ ló kọ́kọ́ yí padà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Awọ ara rẹ̀ tó máa ń dán bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Irun rẹ̀ pọ́n, ó sì ń já. Ó fi orúnkún gbún òkúta, egbò náà sì kọ̀ kò jiná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyá mi fi òrí pa á lára, ó ń rò pé ọyẹ́ ni. Bàbá mi gbà kí òrí wọlé nítorí pé a kì í jẹ ẹ́.

Ní sáà yẹn gan-an ni tíṣà wa kọ́ wa ní ohun kan tí kò kúrò lórí mi mọ́. Ó gé ìwé funfun pélébé-pélébé, ó fi ẹ̀pà ra ọ̀kan, ó ta omi sí èkejì, ó ní kí a sá wọn sóòrùn. Nígbà tí èyí olómi gbẹ, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí ẹ̀pà ti kan ìwé dúró síbẹ̀, nígbà tí a sì gbé e síwájú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ là á kọjá. “Omi a máa lọ,” tíṣà wí, “òróró a máa dúró.” Mo sáré délé, mo fi gbogbo ohun tí a ń jẹ ra ìwé: ẹ̀kọ, iṣu, ẹ̀bà, ọbẹ̀. Mo sá wọn sórí ìdérí kànga. Gbogbo wọn gbẹ funfun. Mo dúró tì wọ́n, mo ń ronú pé ṣé ohun tó dára ni mo rí yìí tàbí èyí tí kò dára.

Lẹ́yìn náà ni Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu nǹkan. Ní ọ̀sán kò sí wàhálà. Àmọ́ tí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí wọ́n bá ti pe ìrun Mògàríbì, á kọlu àpótí, á fẹsẹ̀ gbá búútà. Àwa rẹ́rìn-ín. A pè é ní òsùpá-ò-sí. Ojú máa ń tì mí títí dòní pé a rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi ń fa omi lójú kànga. Ó ti ṣí ìdérí, ó tẹ̀ síwájú, garawa ń bọ̀ lókè. Àṣàkẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń kọrin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá a tààrà, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà. Mo kígbe, “Ìyá mi, Àṣàkẹ́ o!” Ìyá mi bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Dúró níbẹ̀!” Ohùn yẹn ni ọmọ náà ń tẹ̀ lé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan etí kànga kí ìyá mi tó ju okùn sílẹ̀ tó sì gbá a mú ní apá kan. Garawa já bọ́ sínú kànga, a gbọ́ ọ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ìka méjì síwájú ojú ọmọ náà.

“Mélòó rèé?”

Àṣàkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ wá ìka náà. “N ò rí i,” ó wí.

Lọ́jọ́ kejì ìyá mi sọ fún bàbá mi pé ilé-ìwé ti gba ìsinmi, òun fẹ́ kó wa lọ kí ìyá òun ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò bèèrè, ó kàn sọ ọ́ ni. Bàbá mi wo ojú rẹ̀, ó ní, “Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín.”

Ìtòsí Ọjà Igbó ni Ìyá Àgbà ń gbé. Aládùúrà ni. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, á wọ sùtánà funfun, á fi ẹsẹ̀ lásán gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Á gbàdúrà lé àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ Mùsùlùmí lórí ní orúkọ Jésù, àwa á sì ṣe àmín, òun náà á ṣe àmín, a kì í sì í jà. Bó ṣe rí Àṣàkẹ́, kò kí wa kú ìrìn. Ó fi ọwọ́ pa apá ọmọ náà, ó wo ìyẹ̀fun funfun tó lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀.

“Kí lẹ ń fún ọmọ yìí jẹ?”

Ìyá mi sọ fún un. Ìyá Àgbà so gèlè, ó kó wa lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tí a bá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó gé orí oògùn kan tó rí róbótó, ó sì fún oje rẹ̀ sí Àṣàkẹ́ lẹ́nu. Ó ní ojú rẹ̀ yóò bọ̀ sípò bí a kò bá jáfara. Ó wá ṣàlàyé fún ìyá mi, èmi sì sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé e lórí.

“Ọ̀rá kan wà tí ara lè ṣe fúnra rẹ̀,” ó wí. “Bí ẹ jẹ iṣu, ara á yọ ọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí ara kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá, àfi kí ẹ jẹ ẹ́. Ó wà nínú ẹ̀pà, ó wà nínú ẹ̀gúsí, òmíràn wà nínú ẹja. Òun ni awọ ń lò, òun ni ọpọlọ ọmọdé ń lò. Bí kò bá sí, egbò kì í tètè jiná.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ojú rẹ̀ ńkọ́? A máa ń jẹ ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, tíṣà wa sì ní ẹ̀fọ́ dára fún ojú.”

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. “Tíṣà yín kò purọ́. Àmọ́ ohun tí ojú ń lò nínú ẹ̀fọ́, inú òróró ló ti ń yọ́. Bí òróró kò bá sí níbẹ̀, ó kàn ń gba inú ìfun kọjá lọ ni.” Ó tún ní dókítà Ọ̀yọ́ kò ṣì sọ: ọ̀rá ẹran lójoojúmọ́, iyọ̀ àpọ̀jù, òróró tí a ti dín nǹkan nínú rẹ̀ títí tó fi dúdú, wọn kò dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. “Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta kọ́ ni ẹlẹ́jẹ̀ ríru.”

Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá Àgbà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Epo díẹ̀ nínú ẹ̀fọ́, ẹ̀gúsí, ẹja ṣáwá, ẹ̀pà sísè ní ọ̀sán. Èmi gé ìwé púpọ̀, mo gba Ọjà Igbó lọ. Mo fi ẹ̀gúsí ra ìwé, mo fi wàrà ra á, mo fi kúlíkúlí ra á. Irú ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí n kò mọ̀ pé ohun tó ń rùn tó bẹ́ẹ̀ lè ní òróró. Àwọn ìyá ọlọ́jà ń bèèrè pé kí ni mo ń wá. Ìyá Àgbà sọ mí ní Atọpinpin. Mo kọ orúkọ oúnjẹ sí ara ìwé kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn sínú agolo.

Nígbà tó fi máa tó oṣù kan, egbò Àṣàkẹ́ ti jiná, ara rẹ̀ ti ń dán. Ọjọ́ tí bàbá mi wá mú wa, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, ó jókòó, kò sì jẹ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí wọ́n gbé fún un. Ìyá Àgbà sọ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì wí, bàbá mi tẹrí ba bí àna rere.

“Àna mi,” Ìyá Àgbà wí, “máṣíìnì tí ẹ fi ń ránṣọ, ọjọ́ wo lẹ fi òróró dù ú rí?”

“Màmá,” bàbá mi dáhùn jẹ́jẹ́, “máṣíìnì kò ní ọkàn tó lè dáṣẹ́ sílẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ tán. Mo gbé agolo mi jáde, mo to ìwé mi síwájú rẹ̀. Ó gbé wọn sójú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ka orúkọ wọn, ó sì kó wọn padà sínú agolo. Aṣọ funfun Ìyá Àgbà ti já nísàlẹ̀, bàbá mi sì ní kí wọ́n gbé e wá, kí òun bá wọn rán an. Mo rò pé kò fẹ́ kí ọwọ́ òun ṣófo ni. Ibẹ̀ ló wà tí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń fi ọwọ́ wá a nílẹ̀, ó ní kí a wá fìtílà. Àṣàkẹ́ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó rìn kọjá àpótí, ó yà fún búútà tí bàbá mi fi ṣe àlùwàlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Bàbá, òun nìyí.”

Bàbá mi wo abẹ́rẹ́ náà ní àárín ìka rẹ̀ kékeré. Ó gbà á, ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó sì fi ojú pamọ́ sí i léjìká. Nígbà tó gbórí sókè, ó sọ fún ìyá mi, láìwò ó, pé, “Bu díẹ̀ fún mi nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí yẹn.” Oṣù mẹ́jọ ni kò ti fẹnu kàn án. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka.

Láti ìgbà náà, òróró padà sílé wa, pẹ̀lú òfin: ṣíbí kan sí ìkòkò kan, bàbá mi yóò sì wá dúró wò ó. Ọ̀rá ẹran kò padà wọlé mọ́.

Mo ti ní ọmọ tèmi kí bàbá mi tó sọ ìyókù fún mi. A jókòó síta ní ọ̀sán kan, mo sì bi í pé kí ló dé tó fi le tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. “Ẹran ọlọ́ràá tí Alájì ń jẹ,” ó wí, “èmi ni mo máa ń rà á fún un. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí a bá kírun tán. Inú rẹ̀ a máa dùn. Inú tèmi náà a máa dùn.” Mo sọ fún un pé òun kọ́ ló pa á, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára Alájì tipẹ́. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ọdún pọ̀ kí òun tó mọ̀.

Lóde òní, òróró wà nínú ike aláràbarà, wọ́n kọ nǹkan sí i lára tí ojú mi kò gbé mọ́. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù: ẹni kan á ní epo pupa ń pani, ẹlòmíràn á ní kí a máa mu ún ní ife kan kí a tó sùn. Ìwé pélébé àti oòrùn kò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó dán ohun tó ń sọ wò. Ara ènìyàn ní tirẹ̀ kò yí padà. Ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe nígbà náà, kò tíì kọ́ ọ. Ìbẹ̀rù àwọn òbí náà kò yí padà. Bàbá mi kò kórìíra wa. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó sì ń bu ẹ̀rù náà fún wa jẹ fún oṣù mẹ́jọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá ní kí ẹ dín nǹkan kan kù, ẹ má tíì dìde. Ẹ bèèrè iye tó yẹ kó ṣẹ́kù.