Fẹ́ǹsì Tí Mo Mọ Sójú Ọ̀nà Omi

Mo rántí ìgbà tí òjò kò ní tíì dá tí omi á ti wọ yàrá àwọn èèyàn àdúgbò wa ní Ìgàndó. Tíṣà ni mí nígbà náà, ará Èkìtì, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo kọ́lé, òjò kì í le tó bẹ́ẹ̀. Àfi bó ṣe di pé òjò ọjọ́ kan ń rọ̀ bí ẹni pé ti oṣù kan ni. A wá fẹnu kò pé a ò ní dúró de ìjọba mọ́, pé lówùúrọ̀ Sátidé, kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì jáde.

Ní ìpàdé náà, ẹnu tèmi ló mú jù. Mo ní àwọn tó ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà ló ń pa wá lára, pé ká kọ orúkọ wọn sára ògiri. Ìyá arúgbó kan, ọmọ onílẹ̀, tó ń ta àgbàdo sísè lẹ́yìn ilé mi, ni mo tẹjú mọ́.  Bẹ́ẹ̀, màmá yìí lomi ń yọ lẹ́nu jù. Orí tábìlì ló ń tẹ́ ẹní sí kó tó lè sùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, a kó ọ̀rá àti ike jáde títí ó fi rẹ̀ wá, omi ẹ̀yìnkùlé màmá ò mira. Bíríkìlà àdúgbò tó ń darí iṣẹ́ ní a ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Ó bi màmá níbi tí omi ń gbà kí ilé tó dé. Màmá rìn díẹ̀díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé fẹ́ǹsì mi.

“Ibí ni. Odò kékeré kan ló wà níbí. A máa ń fọṣọ nínú ẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ogbó ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bíríkìlà ti ń dá fẹ́ǹsì lu nísàlẹ̀. Kó tó yọ búlọ́ọ̀kù kejì, omi ya lu àgbàlá mi, ó gba abẹ́ géètì jáde, ó forí lé kánáàlì ìsàlẹ̀ àdúgbò bí ẹni tó mọ̀nà. Kò pẹ́ tí a fi rí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé màmá.  

Mo bi màmá pé kí ló dé tí kò sọ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi níwèé, Tíṣà. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́.”

Kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Mo gba òòlù lọ́wọ́ bíríkìlà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ fẹ́ǹsì náà fúnra mi. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, gọ́tà oníkọnkéré ti gba inú àgbàlá mi kọjá, ilé ìdáná mi sì bá a lọ.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Òjò ṣì ń le sí i, àmọ́ ó ń kọjá lọ. Ohun tí mi ò tíì gbàgbé ni pé ọdún gbọọrọ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọdé pé ibi tó rẹlẹ̀ lomi ń ṣàn lọ, tí mo sì fi yanrìn di ibi tó rẹlẹ̀ jù ládùúgbò kí n tó kọ́lé síbẹ̀, tí mo sùn, tí mo jí. Bí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rù ara mi ló máa ń bà mí.