Ọkọ̀ Òfurufú Wán-Máànù àti Àga Mi ní Apple Junction

Ẹni tó bá mọ Apple Junction ní Èkó nígbà ogun Ìráàkì á mọ̀ mí. Bí kò bá mọ̀ mí, á jẹ́ pé ńṣe ló kàn ń kọjá lọ. Ríwáyà ni mí, iná ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe, kò sì sí ọkọ̀ tí wọ́n wọ́ dé ọ̀dọ̀ mi tí kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sílé. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n àwọn tó kà jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń tẹ́tí sí mi láràárọ̀ níwájú tábìlì ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn.

Bẹ́ńṣì méjì ló wà níbẹ̀, àti àga onífẹ̀yìn kan ṣoṣo. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ló ń jókòó sí àga náà. Òfin àwa tí à ń kà láìrà nìyẹn. Ọdún méjì gbáko ni mo ti wà lórí ẹ̀, tìmùtìmù rẹ̀ ti mọ ìdí mi.

Ohun tí à ń jiyàn lé lórí lọ́dún náà ni àwọn ọkọ̀ òfurufú kékeré tí wọ́n fi ń jagun, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní dróònù báyìí. A fẹ́ mọ orílẹ̀-èdè tí tirẹ̀ lè jà jù. Èmi ní ti Amẹ́ríkà ni, torí pé ó ń ṣọ́ni, ó tún ń ju bọ́ǹbù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, ọmọ tí wọ́n bí sí Festac, Bọ̀dá Báńkì la máa ń pè é. Òun ní ti Ísírẹ́lì ni. Ó ní wọ́n ti ń lò ó tipẹ́, ojú tiwọn sì mú ju ti Amẹ́ríkà lọ. Mo bi í bóyá torí pé pásítọ̀ rẹ̀ ń gbàdúrà fún Ísírẹ́lì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi ni. Ó rẹ́rìn-ín, kò sọ pé rárá.

Ará Ìjẹ̀bú kan tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní ọjà Trade Fair ní ká má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu. Ó ní Ṣáínà á ṣe tirẹ̀, á pọ̀ níta, ọwọ́ gbogbo èèyàn á sì tó o. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn bi í bóyá á ta tòkúnbọ̀ ẹ̀ fún wa.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tí ìwé ìròyìn fi ń pe ọkọ̀ náà ló dá wàhálà sílẹ̀: ọn-máàndì. Èmi kà á sí wán-máànù. Mo wá là á yé wọn pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọ inú ọkọ̀ náà, èèyàn kúkurú tó lè ká ara rẹ̀ kò. Mo tiẹ̀ sọ ibi tó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi gbà mí gbọ́, kí Bọ̀dá Báńkì tó gbé ìwé náà sókè lọ́jọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kì í ṣe wán. Ọn ni. Tí wọ́n bá ti fi ọn síwájú ẹ̀, kò sí nìyẹn. Kò séèyàn kankan níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ń wò wá. Ará Ìjẹ̀bú ní kí n dìde lórí àga, kí n lọ bá ọkùnrin kúkurú náà jẹun. N kò dìde. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè di ọ̀la, tí n kò bá fi hàn wọ́n pé ẹnì kan wà níbẹ̀, kí Bọ̀dá Báńkì gba àga.

Lọ́jọ́ kejì, mo wa ọkọ̀ oníbàárà mi kan wá láti Kuje tó wà nítòsí wa. Mo ti fi àláàmù Ṣáínà sí i, irú èyí tó ń lo rìmóòtù. Mo gbé e síwájú wọn, mo padà sídìí bẹ́ńṣì, mo tẹ rìmóòtù. Ọkọ̀ ké, ilẹ̀kùn ẹ̀ tì pa.

"Ta ló tì í?"

Bọ̀dá Báńkì ní, "Ẹ̀yin ni."

"Ṣé mo wà nínú ẹ̀?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa. Ẹnì kan wà nídìí ọkọ̀ òfurufú náà. Ilẹ̀ ló jókòó sí."

Ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jókòó jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti ń dùn. Mo ní bí ọwọ́ ẹni yẹn bá ṣe gùn tó la ó fi mọ ẹni tó lágbára jù. Ọ̀tá Ísírẹ́lì kò jìnnà sí i ju Kuje síbí, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà jókòó sílé, ọwọ́ ẹ̀ dé òkè òkun. Kí wọ́n lè rí i dáadáa, mo sọdá títì, mo na ọwọ́ sókè, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ oníbàárà mi ké. Ọkọ̀ mìíràn tó wà lẹ́yìn mi náà ké, gbogbo ilẹ̀kùn ẹ̀ sì ṣí.

Ọkọ̀ Bọ̀dá Báńkì ni. Irú àláàmù Ṣáínà kan náà ló wà lára ẹ̀, ẹni tó tà á fún un sì ti búra pé Amẹ́ríkà ló ti wá. Bọ̀dá Báńkì sáré sọdá, ó di ọkọ̀ náà mú bí ẹni di ọmọ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò wá mi, ẹ kò tiẹ̀ rí mi, bọ́ǹbù yín ti bà mí. Ṣé ẹ wá rí i pé ojú tó mú ló ju ọwọ́ gígùn lọ?"

Mo sáré ki rìmóòtù bọ àpò. Nígbà tí a sì fi máa yíjú padà, ará Ìjẹ̀bú ti wà lórí àga, ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Bọ́tìnnì kan, ọkọ̀ méjì," ló wí. "Ta ló tún ń bá Ṣáínà du nǹkan?"

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo tú àláàmù yẹn kúrò lára ọkọ̀ Bọ̀dá Báńkì, tí mo fi òmíràn sí i fún un. Òun ló ń bá mi di wáyà mú. Ó bi mí ibi tí mo ti mọ̀ pé ẹnì kan ń bẹ nílẹ̀ tó ń darí ọkọ̀ òfurufú náà. Mo ní ẹni tó bá ti bá wáyà gbé fún ogún ọdún mọ̀ pé níbi tí iná bá dé, ẹnì kan ló tàn án.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó mú ìwé ìròyìn kan wá. Fọ́tò sójà kan wà níbẹ̀, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù, ọkọ̀ òfurufú tó ń darí sì wà ní ilẹ̀ ibòmíì. Bọ̀dá Báńkì fi han ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

"Ẹnì kan wà nílẹ̀ lóòótọ́," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n jókòó."

Ará Ìjẹ̀bú dìde wẹ́rẹ́, ó fi ọwọ́ nu àga fún mi. Ó ní kí n bá òun mú un gbóná díẹ̀ ná, Ṣáínà ń bọ̀ wá gbà á.