Màrìwò Ẹnu Ọ̀nà Kòkó

Òórùn oògùn apakoríko ló bá mi níbi tí mo jókòó sí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Ọ̀bà-Ilé ni mo wà, mò ń ṣa ẹ̀wà, ni atẹ́gùn bá gbé e wá láti orí ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́lé sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa. Ọkùnrin kan gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn, ó ń fín koríko, ó sì ń súfèé. Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọdé òní lè má mọ̀ pé òórùn a máa gbé àgbàlagbà padà sí ọmọ ọdún mẹ́wàá láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti figbe ta: “Mọ́rẹ́nikẹ́! Wọlé! Wọlé kíákíá!”

Ọmọ ọmọ mi ni Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi láti Èkó kó wá lo ọlidé. Alaalẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń pè. “Màmá, ṣé ó ń ṣeré? Ẹ má jẹ́ kó jókòó ti fóònù o. Ẹ jẹ́ kó máa sáré, kí ara rẹ̀ lè le.” Mo máa ń dáhùn pé ó ń ṣeré. Irọ́ ni. Láti ọjọ́ tó ti dé ni mo ti ti géètì pa, tí mò ń bọ́ ọ ní dòdò àti ẹyin bí ẹni ń bọ́ àgbò ọdún. Bó bá ní òun fẹ́ lọ sáré lójú títì, mo máa ń sọ pé oòrùn mú, pé mọ́tò pọ̀, pé ajá ọ̀gá tó ń gbé òdìkejì kò mọ èèyàn. Ajá náà ò léyín mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi gbà á.

Kì í ṣe pé mi ò mọ bí ọmọdé ṣe ń lo ọlidé. Àwa gan-an la lò ó! Oǹdó la ń gbé nígbà náà, tíṣà ni bàbá mi. Bí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé ọlọ́jọ́ gígùn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kì í mọ́ bá wa ní ìgboro. Bọ́lọ́rundúró ni wọ́n ń kó wa lọ, sí oko kòkó Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi. Ìyá Àgbà ò gbọ́ ohun tó ń jẹ́ eré ìdárayá rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ kò sí tíṣà eré ìdárayá tó lè dúró níwájú rẹ̀. Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti fi ọ̀pá gbá ògiri. Ẹ dìde. Pákò ni a óò fi rin ẹnu dé odò, ìrìn omi mẹ́ta mẹ́ta, kálukú pẹ̀lú garawa tí agbára rẹ̀ gbé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣu sísun àti epo. Ní Sátidé, omi ewúro, ife kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fajú ro. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá jókòó pẹ́ jù, àìsàn á wá jókòó tì í. Tí a bá padà sí Oǹdó lóṣù kẹsàn-án, ìyá mi á máa tẹ ẹsẹ̀ wa wò, á ní ta ló gbẹ́ àwọn ọmọ odó yìí.

Bàbá Sálíù ló ń bá Ìyá Àgbà ṣiṣẹ́ oko. Ìhà Ọ̀kènè ló ti wá, ó sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń jáde pẹ̀lú afẹ́fẹ́. “Ìyàwó mi” ló ń pè mí. Èmi á máa bínú, mo ní èmi ò fẹ́ ọkọ aláìléyín, òun á máa rẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́ tí a bá ń sáré ìje lójú ọ̀nà oko, òun ni adájọ́ wa. “Ìyàwó mi, ìgbín sáré jù ọ́ lónìí o!” Tí mo bá sì wọlé ṣáájú, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, àgbàdo sísun tó gbóná jù, èmi ló ń fún.

Ọkùnrin yìí ní ìṣe kan tí kì í yẹ̀. Bó bá ti fín oògùn kòkòrò sí ara kòkó, yóò gé màrìwò tútù, yóò nà án dí ẹnu ọ̀nà láti ara igi kan dé èkejì, yóò sì ta kókó méjì sí ọ̀tún, méjì sí òsì. Ẹni tó bá rí i ti mọ̀. Má wọlé, má ká nǹkan, má ṣa olú, má mú ìgbín, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi tú u. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní abúlé náà mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

Ọdún tí mo pé mẹ́wàá ni mo bẹ̀bẹ̀ títí tí wọ́n fi jẹ́ kí Fọlákẹ́ bá wa lọ. Ilé wọn ló kángun sí tiwa ní Oǹdó, àwa méjèèjì la jọ ń lọ síléèwé, la jọ ń tọ́jú ṣọ́ọ̀kì. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ní ọjọ́ tí a fẹ́ wọ mọ́tò, ìyá rẹ̀ kò bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀, èmi ló dì lọ́wọ́ mú. “Ọwọ́ rẹ ni mo fà á lé o.” Mo ní ẹ má ṣèyọnu, Mà.

Fọlákẹ́ tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo eré! Kò lo ọ̀sẹ̀ kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣíwájú gbogbo wa. Bàbá Sálíù pàtẹ́wọ́, ó ní, “Ìyàwó tuntun ti dé!” Fọlákẹ́ ló wá ń gba àgbàdo tó gbóná jù. Èmi tí mo ní mi ò fẹ́ ọkọ aláìléyín, ẹ ò rí ayé, owú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí. Mo fẹ́ràn Fọlákẹ́ bí ẹ̀mí mi, mo sì fẹ́ kó ṣubú.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì tí a óò padà, a ní kí á sáré àṣekágbá. Ó yẹ kí okùn wà tí ẹni tó bá borí yóò fi àyà já, bí wọ́n ṣe ń ṣe níléèwé. A wá okùn tì. Èmi ni mo rántí pé màrìwò wà lẹ́nu ọ̀nà kòkó; mo dá lọ mú un wá, bí ẹni pé ìdí ọ̀pẹ ni mo ti rí i. Bàbá Sálíù ṣẹ̀ṣẹ̀ fín ibẹ̀ láàárọ̀ ni, ó ti lọ wẹ̀ lódò. Eyín ni mo fi tú àwọn kókó náà, torí wọ́n le. Mo sọ fún ara mi pé bí a bá ti parí báyìí, mà á dá a padà.

Fọlákẹ́ ló já a. Gbogbo wọn pariwo, wọ́n gbé e sókè, èmi sì dúró lẹ́yìn tí mò ń mí gúlegúle. Mo yíjú padà sílé. Màrìwò wà nílẹ̀.

Àwọn tó kù sáré lọ mu omi lódò. Fọlákẹ́ rí kòkó pípọ́n kan lẹ́nu ọ̀nà, tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Ó là á mọ́ òkúta, ó sì ń pọ́n omi dídùn ara rẹ̀ lá. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òun ọmọ ìgboro, mi ò tíì kọ́ ọ ní ti màrìwò.

Ìgbà tí mo gbọ́ igbe tí mo sì débẹ̀, ó ti wà nílẹ̀, ìfófó lẹ́nu, ojú rẹ̀ ti yí. Ìyá Àgbà rọ epo pupa sí i lẹ́nu, torí ohun tí wọ́n mọ̀ nìyẹn. Àwọn nọ́ọ̀sì wá sọ lẹ́yìn náà pé kò yẹ. Wọ́n gbé e sínú lọ́rì tó ń kó kòkó lọ sí Oǹdó. Nígbà tí gbogbo èèyàn ń sá sókè sá sódò, mo padà sójú ọ̀nà lémi nìkan, mo ṣa àjákù màrìwò náà, mo sì tì í bọ inú ihò akàn létí odò. Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò ní sọ pé kì í ṣe ìyẹn.

Wọ́n pe Bàbá Sálíù. “Ṣé o so màrìwò?” Ó ní, “Mo so ó, Màmá. Mo fi Ọlọ́run búra.” Wọ́n lọ wò ó, wọn ò rí ewé kan. Ẹnìkan ní àjèjì ò mọ iyì ọmọ ọlọ́mọ. Èmi wà lẹ́yìn ìró Ìyá Àgbà, ẹnu mi kún, kò sì ṣí. Ìyá Àgbà ní kó máa lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Sálíù gbé àpótí rẹ̀ rù. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Ìyàwó mi, ó dàbọ̀ o. Tọ́jú ọ̀rẹ́ rẹ.” Ó bá lọ.

Fọlákẹ́ yè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bá ń kọ̀wé, kò sì lè rìn dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì kó má jókòó sinmi. Tí mo bá lọ kí i, ìyá rẹ̀ á ní ó ń sùn, èmi á sì máa gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nínú yàrá. Kí ọdún Àjíǹde tó dé, wọ́n kó kúrò ní Oǹdó. Mi ò rí i mọ́ di òní. Ìyá Àgbà kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òpùrọ́ ni Bàbá Sálíù. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, kò sí ará Ọ̀kènè kan ní ọ́fíìsì wa tí mi ò bi léèrè bàbá kan tí eyín rẹ̀ méjì ká. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Màdáàmù, Sálíù mélòó ló wà?”

Ìdí tí mo fi ti géètì nìyẹn. Lọ́jọ́ tí òórùn yẹn dé, mo ya ìró pupa mi àtijọ́, mo so ó dí ibi tí ògiri wa ti wó, mo ní kí Mọ́rẹ́nikẹ́ má débẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aṣọ ò sí níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ọkùnrin tó ń fín koríko yẹn. Mo ní àwọn lébìrà yìí ò mọ nǹkan kan. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu èmi!

Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá ọmọ náà. Ó gbé fóònù ti ìkòkò òdòdó, obìnrin kan ń fò nínú rẹ̀, ó ń fi èdè òyìnbó kà á, Mọ́rẹ́nikẹ́ sì ń bá a fò, òógùn bò ó, aṣọ pupa mi wé e lórí bíi ti àwọn tó ń ja kàrátè nínú fíìmù. “Ta ló tú aṣọ yìí?” Ohùn Ìyá Àgbà ló jáde lẹ́nu mi.

Ó dúró. Ó bọ́ ọ lórí. “Èmi ni mo tú u, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò kọjá síbẹ̀.”

Ó ti jẹ́wọ́ tán. Kò gbà á ní àkókò tí èèyàn fi ń gbé omi mì. Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì bú sẹ́kún, tí ọmọ náà fi rò pé òun ti pa mí. Mo fọ orí rẹ̀, mo fọ ọwọ́ rẹ̀, a wá jọ so aṣọ náà padà. Ibẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tí mi ò sọ fún ìyá rẹ̀ rí. Ó ní, “Ṣé Bàbá Sálíù wá mọ̀?” Mo ní kò mọ̀, pé ó ṣeé ṣe kó ti kú. Ó ní, “Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún un.”

Ilé blọ́ọ̀kù ló wà lórí ìdajì oko Ìyá Àgbà báyìí, inú fóònù sì ni adájọ́ eré wà. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọdé ṣì ń fẹ́ sáré, oògùn ṣì ń pani, aṣọ tí a so sẹ́nu ọ̀nà ṣì ní ohun tó ń sọ. Mo ti ṣí géètì. Láràárọ̀ ni èmi àti Mọ́rẹ́nikẹ́ ń rìn dé ìkòríta ká tó jẹun, orúnkún mi ń ráhùn, òun ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀, ó ní ìgbín sàn jù mí lọ. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn o.

Láàárọ̀ òní, nígbà tí a dé ibi aṣọ pupa yẹn, mo ní kó máa lọ síwájú. Mo di kókó rẹ̀ mú. Mo ní, “Bàbá Sálíù, lóòótọ́ lẹ so màrìwò náà. Kókó méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Èmi ìyàwó yín ni mo tú u.”