Ìwọ̀n Ara Ehoro

Nígbà tí ìwé ọ́fíìsì ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn orílẹ̀-èdè dé ọwọ́ Màmá Abẹ́rẹ́, ó kọ́kọ́ yí i wò tìwá-tẹ̀yìn, bóyá wọ́n ṣì í mú wá ni. Wọn ò ṣì í. Òun gan-an ni wọ́n ní kó rán aṣọ ẹranko tí yóò máa jó lórí pápá kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. Ehoro ni ẹranko náà. Ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó gbé bọ́ọ̀lù há abíyá, àmì ìdíje sì wà láyà rẹ̀: bọ́ọ̀lù kan tí òrùka aláwọ̀ mẹ́ta yí ká. Kò sẹ́ni tí kò mọ ehoro yìí mọ́. Ó wà lára ògiri, ó wà lára bọ́ọ̀sì, ó wà lára ọ̀rá búrẹ́dì. Ojú ọ̀run nìkan ni wọn ò tíì lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ogójì òfin ló bá iṣẹ́ náà wá. Etí ọ̀tún gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń tẹ́tí sí ariwo èrò. Eyín méjì péré ni kó hàn. Wọ́n fi ègé aṣọ aláwọ̀ ewé kan há inú ìwé náà, pé àwọ̀ ewé inú òrùka àmì ìdíje ò gbọdọ̀ fi bíńtín yàtọ̀ sí i. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà láti ogún ọdún, kà á títí ẹ̀rín fi gbà á.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òfin mẹ́wàá ni Ọlọ́run fún gbogbo ayé. Ehoro lásán, ogójì."

"Ṣé o ti pa mẹ́wàá yẹn mọ́ tán ni? Gbé àlùmọ́gàjí fún mi."

Ohun kan ṣoṣo tí ìwé náà ò sọ ni ẹni tí yóò wọ aṣọ ọ̀hún. Wọn ò tíì mú un. Nígbà tí Màmá Abẹ́rẹ́ fi fóònù béèrè, akọ̀wé ọ́fíìsì dáhùn pé, "Mà, ẹ ṣáà rán an ní ìwọ̀n àgbàlagbà." Àgbàlagbà wo? Àwọn kan ń forí kan àtẹ́rígbà, àwọn kan ò kan ọwọ́ ilẹ̀kùn. Màmá Abẹ́rẹ́ ò bá a jiyàn. Ó gbàdúrà bó ti máa ń ṣe kó tó fi irin kan aṣọ, ó tẹ́ aṣọ onírun náà sórí tábìlì, ó sì gé e. Kò ṣí ìwé ìwọ̀n kankan. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tó ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹni tí wọ́n mú dé. Olùkọ́ eré ìdárayá ni, obìnrin kékeré kan tó yára bí iná, tó lè tàkìtì lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìsinmi. Ó kó sínú aṣọ, aṣọ sì gbé e mì. Ìdí ṣòkòtò dé orúnkún rẹ̀. Apá méjèèjì ń fì nílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá.

"Mà," ó sọ láti inú orí ehoro, "ẹ má bínú o. Ó dà bíi pé apá òsì yìí gùn ju ti ọ̀tún lọ."

Àbúrò Màmá Abẹ́rẹ́ mú téèpù, ó wọn apá òsì, ó wọn ọ̀tún. Íńṣì kan ni wọ́n fi jura. Kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan. Ó kàn wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nínú ẹbí wọn, ẹnì kan ló ní irú apá bẹ́ẹ̀. Àkọ́bí Màmá Abẹ́rẹ́ jábọ́ lórí igi nígbà tó wà ní kékeré, apá ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́, ó sì jinná kúrú. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ ti ń gé apá òsì aṣọ rẹ̀ gùn sí i, títí ó fi di ọmọ ọdún méjìlélógún tó wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ. Ọdún kọkànlá rèé. Nígbà tí wọ́n kéde pé ìdíje ń bọ̀ nílé, ó pè, ó ní, "Màmá, bí bọ́ọ̀lù yẹn bá wá sílé, èmi náà á wá." Ìyá rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ bí ẹni gba ìlérí Ọlọ́run gbọ́, ó sì yẹ kó mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu kan náà ló ti jáde. Ṣùgbọ́n láti oṣù méjì báyìí, tí wọ́n bá ti béèrè, "Mo ń wò ó, Màmá" ni. Ohun téèyàn ń wò fún oṣù méjì, ó yẹ kó ti rí i.

"Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí ìdíje bẹ̀rẹ̀," ni olùkọ́ wí. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó sì lọ.

Ó kù kí wọ́n tú aṣọ, kí wọ́n gé e kéré. Màmá Abẹ́rẹ́ fi í kọ́ ìṣó lára ògiri. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gbé e sílẹ̀. Láìlórí, aṣọ náà dúró lára ògiri bí ẹni tó fẹ́ wọlé tó ń dúró kí wọ́n ní kó máa bọ̀. Ó fọwọ́ tẹ́ èjìká rẹ̀.

"Ẹ gé e," ni àbúrò rẹ̀ wí.

"Mo máa gé e."

"Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá tán?" Ó fi máṣíìnì rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ̀n tí ẹ dì mú yẹn, ṣé tirẹ̀ ṣì ni? Ẹ pè é, kí ẹ bi í."

Bó ṣe mú fóònù nìyẹn, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta kí àbúrò náà lè gbọ́. Ọmọ rẹ̀ gbé e.

"Ọkọ mi, wá téèpù."

"Téèpù kẹ̀? Màmá, mi ò ní téè... Ẹ dúró. Ó wà."

Àbúrò gbójú sókè. Ta ló ni téèpù?

"Wọn àyà rẹ fún mi."

"Màmá, ní ti bọ́ọ̀lù yẹn..."

"Mo mọ̀."

"Wọn ò fún mi láyè níbi iṣẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí."

"Mo ní mo mọ̀. Àyà rẹ ńkọ́?"

"Mẹ́rìnlélógójì."

Mẹ́rìndínlógójì ni nígbà tó lọ. Màmá Abẹ́rẹ́ wo aṣọ tó wà lára ògiri. Ọmọ tó rán an fún ò sí níbì kankan mọ́, àní níbi tó lọ.

"Ẹ̀yìn ńkọ́? Láti èjìká sí èjìká. Tàbí kó o fi sílẹ̀, ẹnìkan ò lè dá ẹ̀yìn ara rẹ̀ wọ̀n."

Wọ́n gbé fóònù láti ọwọ́ kan sí òmíràn. Ohùn obìnrin ló dáhùn, ohùn pẹ̀lẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ogún íńṣì ni, ó lé díẹ̀."

Màmá Abẹ́rẹ́ fẹ̀yìn ti àga. "Ó lé mélòó?"

"Ìdajì, mà. Apá òsì rẹ̀ gùn ju ọ̀tún lọ o. Èmi ni mo máa ń ṣẹ́ apá aṣọ ọ̀tún sókè fún un."

Àbúrò ti bo ẹnu. Màmá Abẹ́rẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò yára.

"Ìwọ náà ńkọ́, ọmọ mi?"

"Èmi, mà?"

"Fún un ní téèpù yẹn, kó wọ̀n ọ́. Kó bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, kó má fà á le."

Ó gbọ́ tí wọ́n gbé fóònù sórí nǹkan. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì, ọmọ rẹ̀ ń sọ pé, "Dúró jẹ́ẹ́ jàre." Ó na ọwọ́, ó mú aṣọ ehoro wálẹ̀ sórí itan, ó sì fi abẹ kékeré wá ojú rírán apá òsì. Ó pẹ́ kí wọ́n tó padà sórí fóònù. Kò pè wọ́n. Ó ti tú apá náà dé ìgúnpá.