Ọgọ́sàn-án Ìbò Òkè-Àyìnlá

Adélékan ti lé ní àádọ́ta ọdún. Akọ̀wé ni lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Kùtọnu. Ọmọ Nàgó ni, láti abúlé Òkè-Àyìnlá lápá Kétu, ṣùgbọ́n àdúgbò Cadjèhoun ní Kùtọnu ló ń gbé. Ohun kan wà tí wọ́n fi ń ṣe é yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́: bí wọ́n bá ti dìbò ààrẹ tán, àfi kó wá èsì abúlé rẹ̀ kàn. Èsì náà kì í sì í yí padà. Ẹni tí Kétu bá fẹ́ ni Òkè-Àyìnlá máa ń fẹ́.

Lọ́dún yìí, nígbà tí wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ abúlé, ará ilé kan ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Adélékan wò ó, ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún un wò. Nínú igba ènìyàn tó dìbò, ọgọ́sàn-án ló yan ọkùnrin kan tí kò fẹsẹ̀ tẹ agbègbè wọn rí, tí àwọn abúlé yòókù ò sì fún ní ju ìbò mẹ́wàá lọ.

"Ìrẹsì ni," Mùtíù, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, sọ. "Wọ́n ti pín ìrẹsì fún wọn."

"Ta ni yóò pín in? Ọkùnrin náà ò ní aṣojú kan ṣoṣo níbẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kó gbádùn. Nígbà tó di Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta, ó wọkọ̀ lọ sí Kétu, alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní zẹ́mìjàn sì gbé e dé abúlé. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó bá Màmá Àdùní, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n kíra títí, kó tó béèrè ohun tó gbé e wá.

"Màmá, ta ló ní kí ẹ dìbò fún ọkùnrin yẹn?"

Ẹ̀rín pa ìyá náà. "Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"N kò mọ̀ ọ́n, mà."

"Àwa náà ò mọ̀ ọ́n."

Adélékan fa àpótí kan, ó jókòó.

"Ẹ̀rọ omi wa ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́rin," ni ìyá wí. "Gbogbo ẹni tó bá wá tọrọ ìbò ló ń ṣèlérí. A ó dìbò bíi ti Kétu, ìbò wa á sì rì sínú tiwọn. Lọ́jọ́ kan tí àwa obìnrin ń bọ̀ láti odò, Safurat ní, 'Bí a bá ṣe ohun tẹ́nì kan ò retí ńkọ́? Bóyá wọ́n á wá bi wá ní ìdí.' Bí a ṣe mú ẹni tí ẹnikẹ́ni ò ní mú nìyẹn. Àwọn ọkùnrin kọ́kọ́ bínú, àmọ́ àwọn náà mọ bí odò ṣe jìnnà tó."

"Ẹnì kan ti wá bi yín?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ìwọ nìkan ló wá."

Ojú ti Adélékan. Ó ránṣẹ́ pe Safurat, ó ní kó mú òun lọ síbi ẹ̀rọ náà. Ó béèrè ìgbà tó dákẹ́, ibi tó ti kọ́kọ́ jò, ẹni tó tún un ṣe gbẹ̀yìn, títí Safurat fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà lè béèrè ọ̀rọ̀ o!"

Nígbà tó padà sí Kùtọnu, ó sọ ìtàn náà lórí ètò Nàgó kan ní rédíò. Láàárín oṣù kan, òṣìṣẹ́ méjì wá wo ẹ̀rọ náà, wọ́n wọn ihò rẹ̀, wọ́n sì lọ. Omi ò tíì yọ. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin abúlé mẹ́ta mìíràn ti wá sọ́dọ̀ Safurat, wọ́n fẹ́ mọ bí àwọn obìnrin Òkè-Àyìnlá ṣe ṣe é.