Ìpè Tí Kò Gbọdọ̀ Já

Láti ìgbà tí rògbòdìyàn ilẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, Mùíbátù kò fẹsẹ̀ tẹ Ìfọ́n mọ́. Kì í ṣe pé ibẹ̀ jìn. Ẹ̀rù ló sọ ọ́ di ọ̀nà jíjìn. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó jóná, ojú rẹ̀ ló sì ṣe. Títí di òní, bó bá gbóòórùn táyà tó ń jó, àyà rẹ̀ a máa já.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Mùíbátù ń ṣe. Kí wàhálà tó dé, òun ló fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì sí ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Ìfọ́n. Òun náà ló gbé àpótí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní súwíìṣì kọ́ sára ògiri yàrá fáìlì wọn. Inú súwíìṣì yìí ni gbogbo wáyà ilé-ìwòsàn náà ti ń pàdé kí wọ́n tó bọ́ síta. Lẹ́yìn wàhálà, ó jókòó sí Ìlọ́bù, ó ń ti orí fóònù tọ́jú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ohun tó ń ba òun lẹ́rù ń ba àwọn náà lẹ́rù.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, Mọ́ládùn, olórí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, pè é lórí Wọ́ọ̀sáàpù.

"Àǹtí Mùíbá, ẹ gbà wá o. Obìnrin kan bímọ níbí láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò dá lára ẹ̀. Azeezat lorúkọ ẹ̀. A ní ká gbé e lọ Òṣogbo, àwọn onímọ́tò ò gbà, wọ́n ní ìjà ti tún bẹ́ sílẹ̀ lójú títì. Dókítà Ọ̀ṣungbèmí tó wà l'Óṣogbo fẹ́ máa wò wá lórí fídíò, kó máa sọ ohun tí Dókítà Peter tiwa níbí máa ṣe. Ìpè náà ò dúró. Bó bá ti wọlé ló ń já."

"Mà, ẹ pa wáìfáì ná, kí gbogbo èèyàn kúrò lórí ẹ̀."

"Orí ẹ̀ náà la ti ń wá àwọn tó máa fún un lẹ́jẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ti kú níbí látàárọ̀. Bí a bá pa á, ta la máa rí?"

Mùíbátù mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà ní ilé-ìwòsàn náà ló ti gbọ́ ìròyìn ìjà, wọ́n ń pe ará ilé, wọ́n ń wo fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ó gbìyànjú láti wọ inú súwíìṣì náà láti orí fóònù rẹ̀. Kò wọlé. Ọ̀nà tó dí mọ́ dókítà ti dí mọ́ òun náà.

Ó gbé báàgì kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ìfọ́n? Lónìí? Mùíbá, ṣé orí ẹ pé?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàdúà fún mi." Ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ jáde.

Ọlọ́kadà tó gbé e kò gbà láti kọjá ààlà. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó yí padà, kò dúró gba ṣéńjì. Mùíbátù ń dá rìn lójú títì tó dákẹ́ rọ́rọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti tì pa. Ó ń ka Áyátúl-Kúrísíyù, àdúrà ààbò, sínú, ó ń ṣì í kà, ó ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ igi ọdán kan ni àwọn ọkùnrin mẹ́rin jókòó sí. Ọ̀kan nínú wọn dìde, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun.

"Níbo lò ń lọ?"

Ó kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà. "Ẹ káàsán, sà. Ilé-ìwòsàn ni."

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

Irọ́ ti wà lórí ahọ́n rẹ̀: Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í léèrè agboolé, kí ni yóò sọ? "Ìlọ́bù ni, sà."

Bàbá náà ṣí báàgì Mùíbátù, ó fa wáyà gígùn kan jáde, ó ń yí i wò lọ́wọ́.

"Kí lo fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Obìnrin kan ń kú lọ níbẹ̀, sà. Mo fẹ́ fi so kọ̀ǹpútà dókítà kí wọ́n lè gbọ́ra."

Ọkùnrin náà wò ó pẹ́. Ó ká wáyà padà sínú báàgì. "Máa lọ. Má yà síbì kankan."

Kò sáré, nítorí ó bẹ̀rù pé bí òun bá sáré, wọn óò lé òun. Ó dé ọ̀hún, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin fún òógùn.

Ó kọ́kọ́ fi wáyà so kọ̀ǹpútà inú yàrá iṣẹ́ abẹ mọ́ ihò kẹrin lára súwíìṣì. Lẹ́yìn náà ló ṣí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Lójú súwíìṣì, bí ohun tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń fi ránṣẹ́ ṣe ń dé ló ń kọjá. Ti dókítà àti ti ẹni tó ń wo fídíò ìjà, ọgbọọgba ni wọ́n. Ohun tí Mùíbátù fẹ́ pa láṣẹ fún un ni pé kí ohun tó bá ti ihò kẹrin wá máa gba iwájú, kí àwọn yòókù dúró dè é, bí wọ́n ṣe ń gbé aláboyún tó ń rọbí kọjá àwọn tó ti gba káàdì ṣáájú rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ti ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀ rí ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, íńtánẹ́ẹ̀tì wọn sì kú fún ọjọ́ méjì. Kò sẹ́ni tó kú níjọ́ yẹn. Ó ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ó gbọ́ ohùn Dókítà Ọ̀ṣungbèmí láti inú yàrá kejì, ó já gaara: "Mo ti rí ẹ báyìí, Peter. Má yọwọ́ ẹ. Tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀."

Mùíbátù mí kanlẹ̀. Kò tíì mí ẹ̀ẹ̀kejì tí iná fi lọ.

Gbogbo iná wínníwínní ara súwíìṣì kú. Bátìrì tó yẹ kó gbé e dúró wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́ tipẹ́, Mùíbátù ló sì yẹ kó wá pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù kò jẹ́ kó wá. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, súwíìṣì náà bẹ̀rẹ̀ sí í jí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó jí tán, ó ti gbàgbé gbogbo ohun tí Mùíbátù kọ́ ọ, nítorí pé kò tíì tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi í pamọ́.

"Mi ò gbọ́ wọn mọ́!" Dókítà Peter ló pariwo. "Àǹtí Mùíbá, mi ò gbọ́ wọn!"

Mùíbátù tún padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò sí àyè láti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tẹ ihò kẹrin. Ó fún un ní iwájú. Ó tẹ ibi ìfipamọ́, ó sì dúró títí ó fi rí i pé ó ti gbà. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń fetí sílẹ̀.

"Ó ti wọlé," ni ohùn Òṣogbo wí. "Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ."

Kò kúrò níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ohùn náà bá dákẹ́ díẹ̀ ló ń gbójú wo iná súwíìṣì. Àwọn ọkùnrin méjì dé láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, wọ́n ti rí ìkéde ẹ̀jẹ̀ náà lórí fóònù wọn, wọ́n fún Azeezat lẹ́jẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n kírun Àsárì nígbà tí Mọ́ládùn jáde, tó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ti dá," ló wí, ó sì sunkún.

Wọ́n gbọ́ lẹ́yìn náà pé kò sí ìjà kankan, ti àtijọ́ ni àwọn fídíò náà. Táyà tírélà ló bẹ́ lójú títì, ará Ìlọ́bù rò pé ìbọn ni, ará Ìfọ́n náà rò bẹ́ẹ̀, kálukú sì sá wọlé. Síbẹ̀ Mọ́ládùn fúnra rẹ̀ ló sin Mùíbátù dé ààlà. Kò sẹ́nì kankan lábẹ́ igi ọdán mọ́, ìyẹn gan-an sì tún bà á lẹ́rù ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ wà níta, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé obìnrin yẹn yè?"

"Ó yè, Màmá. Ọmọ náà yè."

"Àlùhámúdúlílàhì." Ìyá rẹ̀ dì í mú, ó sì fi ẹnu kan etí rẹ̀. "Má lọ mọ́ o. Ó tó báyìí."

Mùíbátù rántí bátìrì tó ti bàjẹ́ nínú yàrá fáìlì. Ó mọ̀ pé òun yóò tún lọ.