Oòrùn Tó Ń Di Òtútù

Èmi ni mo yan bátìrì àkọ́kọ́, mo sì ṣì í yàn. Kò sẹ́ni tó tì mí sí i. Bí mo ṣe máa ń gbé iṣu wò lóko bàbá mi náà ni mo ṣe gbé bátìrì wò: èyí tó bá wúwo lọ́wọ́, òun ló dáa, èyí tó bá fúyẹ́, inú rẹ̀ ti gbẹ. Mi ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n mo mọ iṣu. Mo rò pé ìyẹn tó.

Ìyá bàbá wa la fẹ́ rà á fún. Ìdèrè lèmi pẹ̀lú wọn jọ ń gbé. Àtọ̀gbẹ ń bá wọn jà, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà láràárọ̀, oògùn abẹ́rẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ kúrò nínú òtútù. Ẹni tó bá mọ ẹ̀ẹ̀rùn Ìbàràpá mọ̀ pé ooru ibẹ̀ kì í ṣeré. Àwọn ẹbí ti dáwó jọ, a ti to páńẹ́lì sólà sórí páànù, a ti ra fíríìjì kékeré. Bí oòrùn bá yọ, fíríìjì ń ṣiṣẹ́. Bí oòrùn bá wọ̀, ó parí. Bátìrì tí yóò gbé oògùn náà mọ́jú ló kù, ni wọ́n bá ní kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ránṣọ n'Ígbó-Ọrà, lọ yàn án.

Ọkùnrin tó ń tà á gbé oríṣi méjì síwájú wa. Ọ̀kan dúdú, ó tóbi, omi wà nínú rẹ̀. Èkejì funfun, ó rí bí àpótí, lítíọ́mù ni wọ́n ń pè é. Mo gbé ti àkọ́kọ́, ẹ̀yìn mi ró kà. Mo gbé èkejì, díẹ̀ ló kù kí n gbé e jù sókè.

"Kí ló wà nínú èyí?" mo bi ọkùnrin náà. "Ṣé búrẹ́dì ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Ó rò pé iyán la fẹ́ gún."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní ti olómi, bí a bá ń lò ó kọjá ìdajì kóòrùn tó tún yọ, yóò tètè kú, a ó sì máa bu omi kún un. Ti fífúyẹ́, a lè lò ó títí yóò fi ku díẹ̀, bí oòrùn bá yọ, á tún kún. Ó wọ́n díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ wa ká a. Ó wá béèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ kó máa gbé lóru?"

"Oògùn ìyá wa ni," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Fífúyẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ fún wa."

"Àǹtí mi, aṣọ lẹ̀yin mọ̀," ni mo wí. "Ohun tó bá fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Ṣé ẹ ò rí bá a ṣe ń fẹ́ ẹ̀gúsí ni?"

Nítorí pé èmi ni mo máa ń tún wáyà ilé ṣe, ó fi mí sílẹ̀. "Kò burú. Ọrùn ẹ ló máa wà o."

Ọlọ́kadà tó gbé mi lọ s'Ídèrè ní, "Bọ̀dá, ẹ ò sọ fún mi pé àpáta lẹ fẹ́ kó." Bó ṣe ń kérora, bẹ́ẹ̀ lọkàn mi ń balẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ agbo ilé wá ń ṣájì fóònù, a ń wo bọ́ọ̀lù. Èmi tó yẹ kí n lé wọn, èmi gan-an ni mò ń gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Omi tó yẹ kí n máa bù sí i, mo gbàgbé. Bátìrì wá ń kú kí ilẹ̀ tó mọ́. A ò mọ̀, torí pé bí oòrùn bá ti yọ, fíríìjì á tún bẹ̀rẹ̀, gbogbo inú rẹ̀ á tún tutù. Oògùn ń gbóná, ó ń tutù, ó tún ń gbóná, títí agbára fi tán nínú rẹ̀.

Ìyá àgbà ń gba abẹ́rẹ́, síbẹ̀ òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, ojú ń ṣú wọn. Lọ́jọ́ kan, wọn ò lè dìde kírun. Ọsibítù kan l'Érúwà la gbé wọn lọ.

"Ibo lẹ ń tọ́jú oògùn wọn sí?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Inú fíríìjì ni."

"Ṣé ó dá yín lójú pé ó ń tutù mọ́jú?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ, mo lọ sílé, mo ki ọwọ́ bọ inú fíríìjì náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ìkòkò ẹ̀kọ.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, kò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì, ó lọ ra ti fífúyẹ́ kí wọ́n tó dá Ìyá àgbà sílẹ̀. Orí ló fi rù ú wọ agbo ilé, ó ń fi ọwọ́ kan lé ewúrẹ́ kúrò lọ́nà.

Àárọ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí Ìyá àgbà padà dé, kí wọ́n tó pe ìrun, mo ṣí fíríìjì. Òtútù jáde lù mí lójú bí ọyẹ́. Mo dúró síbẹ̀, mi ò lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Àpótí funfun náà wà lára ògiri, kò hó, kò rùn, kò mu omi. Oòrùn kan náà tó ń mú láfún wa gbẹ lórí àpáta, tó ń la ilẹ̀ oko pẹ́rẹpẹ̀rẹ, òun ló wọ inú rẹ̀ lánàá, tó di òtútù. Abẹ́ oòrùn yẹn ni mo dàgbà sí, mi ò mọ̀ pé ó mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ara mi bù máṣọ.

Ìyá àgbà fi ọ̀pá rìn wá bá mi.

"Oòrùn ló wà nínú èyí?"

"Oòrùn àná ni, Ìyá àgbà."

"Kò sì ní jó mi lọ́wọ́?"

Wọ́n rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kí i bí èèyàn ṣe ń kí ọdẹ tó ṣọ́lé mọ́jú: "O kú àìsùn o." Wọ́n mú ìgò oògùn, wọ́n fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ọlọ́run tóbi. Oòrùn tó ń lé mi kúrò lóko, òun ló ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí oògùn mi."

Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ọkọ mi, mo mọ̀ pé ìwọ lo wá èyí rí. Bó o ṣe tọ́jú ẹ̀mí mi, ọmọ rẹ á tọ́jú tìrẹ. O ò ní ṣì yàn láyé."

Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tẹ́ ẹní ìrun. Mo ń retí kó sọ̀rọ̀. Èmi tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi kò sọ ọ́.

"Àmín," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Láti ìgbà náà, bí Ìyá àgbà bá ti gba abẹ́rẹ́ tán, èmi ni wọ́n ń ṣàdúrà fún. Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sídìí ẹ̀rọ kan tó ṣẹ́ kù. Owó ẹ̀rọ kejì, mo ti ń dá a padà díẹ̀díẹ̀, yóò sì tán lọ́jọ́ kan. Àdúrà yẹn ni mo ṣì jẹ ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló ni ín, èmi ni mò ń gbà á. Ìyá àgbà ló yẹ kí n sọ ẹni tó ra àpótí funfun náà fún, Ìyá àgbà sì ń bẹ nílé, etí wọn ṣì ń gbọ́ràn dáadáa.